Odò Gbígbẹ Tó Lọ sí Ilé Ìyá Gbémiró

Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ibi tí oorun gbé mi dé kí ilẹ̀ tó mọ́ lónìí. Bí mo bá fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, èmi fúnra mi ò ní gbà á gbọ́ mọ́. Ìyá Súnkànmí, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, etí yín ọ̀tún tó ń gbọ́ràn dáadáa ni kí ẹ kọ sí mi. Ìyá Jọláadé, ẹ máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ yín lọ, kò dí mi lọ́wọ́.

Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ Ìyá Gbémiró, Ìbírónkẹ́ tí èmi àti ẹ̀ ti jọ ń kọrin láti ìgbà tí a wà lọ́mọdébìnrin, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Gbémiró, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ wá iṣẹ́. Ṣáájú ìkórè tó kọjá ló pe ìyá rẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní odò kan wà níbẹ̀ tí kò lómi, ipa odò yẹn ni àwọn máa tẹ̀ lé. Láti ọjọ́ náà, a ò gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́. Àwa Ẹgbẹ́ Abẹniwò, tí kò sí iṣẹ́ mìíràn tí a gbà lọ́wọ́ Olúwa ju ká máa bẹ ènìyàn wò, a ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí a kọ́kọ́ dá, òjò rọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ń dun Ìyá Jọláadé. Lẹ́yìn náà, a ò dá ọ̀sẹ̀ kankan mọ́.

Ẹ má wo ilẹ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Gbogbo wa la mọ ohun tó dá wa dúró. Kí la fẹ́ fi kí i? Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, a mọ bí a ṣe ń kí i. Ẹni tó bímọ, a mọ tirẹ̀. Ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́, ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ń dirun lọ́wọ́, ẹni tó ra bàtà tuntun, kò sí èyí tí a ò ní ìkíni fún. Ṣùgbọ́n ìyá tí ọmọ rẹ̀ wọ aṣálẹ̀, tí a ò mọ̀ bóyá ó jáde tàbí kò jáde, èwo la fẹ́ fi kí i? Ẹ ní kí ni, Ìyá Jọláadé? Ẹ kú ìdúró? Ẹni tó ń dúró de mọ́tò là ń kí bẹ́ẹ̀.

Ó dára. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn.

Mo kàn rí i pé mo ń rìn láàárín odò. Yunifọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ wa funfun ló wà lọ́rùn mi, mo sì wọ bàtà ọjọ́ Ìsinmi, èyí tó máa ń há mi lẹ́sẹ̀. Kò sí omi nínú odò náà rárá. Iyanrìn ló kún un láti etí kan dé èkejì, ó sì gbóná bí agbada tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan gàrí tán nínú rẹ̀. Àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n tẹ̀ bí àwọn àgbàlagbà tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ilé Ìbírónkẹ́ wà lókè, níbi tí odò náà ti ń ṣàn bọ̀ nígbà tó bá ń ṣàn. Mi ò bi ara mi pé báwo ni ibi tí wọ́n ti ń la pákó ṣe di aṣálẹ̀. Mo kàn gbé ẹsẹ̀, mo ń lọ.

Bí mo ṣe yà níbi tí odò ti tẹ̀, ọkùnrin kan dúró síbẹ̀ nínú aṣọ ìjọba aláwọ̀ ilẹ̀, ó dé fìlà, ó dúró ti pátákó kan tí wọ́n kọ nǹkan sí. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ni òun, òun ni wọ́n fi ṣọ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ náà, òun ló sì ń fi han àwọn àlejò.

“Ẹ káàbọ̀, mà,” ó ní. “Ìgbádùn lẹ bá wá ni, àbí ẹ̀kọ́?”

Mo ní, “Mo wá kí ènìyàn ni.”

Ó ronú sí i. “Ìyẹn ò sí nínú tiwa. Àwọn kan máa ń wá rìn kí ara wọn lè le. Àwọn kan máa ń wá wo ohun àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí n kà yín mọ́ àwọn tó wá fún ẹ̀kọ́.”

“Ẹ kà mí mọ́ wọn,” mo ní, “ká ṣáà máa lọ.”

Ó ka pátákó náà fún mi sókè ketekete bí ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ nínú ìsìn. Ó ní ní ìgbà ìwáṣẹ̀, omi kún odò yìí dẹ́nu, àwọn erinmi ń gbé inú rẹ̀, àwọn ènìyàn ń pẹja ní etí rẹ̀. Ó ní àwọn nǹkan funfun tí mò ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ìkarahun ìgbín omi ni. Nígbà tó kà á tán, ó yọ pátákó náà kúrò lára òpó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Mo bi í pé, “Ẹ ń jẹ ẹ́?”

“Mo ní láti jẹ ẹ́, mà. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á kà á fúnra rẹ̀. Kí ni wọ́n wá ń fi èmi ṣe?”

Mo rí i pé òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ, pátákó lẹ́yìn pátákó, tó ń kà, tó ń jẹ. Èyí tó sọ nípa igi, ó jẹ ẹ́. Èyí tó sọ nípa àwọn oníràkúnmí tó ń kó iyọ̀ gba ibẹ̀ kọjá láyé àtijọ́, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní omi ń gbẹ òun. Irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn sí i bí a ṣe ń lọ, etí rẹ̀ sì ń rọ̀ wálẹ̀. Mo ní oòrùn ibẹ̀ ni ò bá a lára mu.

A dé ibi àpáta gíga kan. Wọ́n gbẹ́ àwọn màlúù sára àpáta náà, agbo màlúù ńlá, ìwo wọn gùn, wọ́n dorí kọ ilẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ní àwọn tó gbẹ́ wọn ti kú kí àwọn bàbá àwọn bàbá wa tó dáyé. Bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀, màlúù kan yí ọrùn padà wò mí. Mo rí i pé ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ló ní. Ibi tí ìkẹrin yẹ kó wà, àpáta lásán ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìlà kékeré kan bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, “Ẹni tó ń gbẹ́ mi ló ní òun ń lọ mu omi.”

Mo ní, “Ìgbà wo ni?”

“Kí aṣálẹ̀ tó di aṣálẹ̀ ni.”

“Ẹ sì ń retí rẹ̀ síbẹ̀?”

“Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni mo ní, Ìyá. Níbo lẹ fẹ́ kí n lọ?”

Mo fẹ́ kí i. Ó yẹ kí n kí i, nítorí ẹni tó ti dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò ṣe é kọjá lára lásán. Mo wá ìkíni ní gbogbo ẹnu mi, mi ò rí i. Àwọn màlúù tó kù ń wò mí bí ìgbà tí ìjọ bá ń wo ẹni tó gbàgbé orin ara rẹ̀ lórí pẹpẹ.

Màlúù náà ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní, “Ta lẹ fẹ́ lọ kí lókè?”

“Ìbírónkẹ́ ni. Ìyá Gbémiró.”

“Kí ẹ yára nígbà náà. Òjò ti rọ̀ lórí òkè tó jìnnà, mo gbọ́ ọ nínú àpáta. Odò yìí kì í kìlọ̀ fún ènìyàn. Ibi tí ẹ dúró sí yìí á gbẹ báyìí, omi á sì kún un kí ẹ tó sín tán. Bí omi bá pàdé yín lójú ọ̀nà, ẹ ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó di ọdún mìíràn.”

Àyà mi já. Kì í ṣe nítorí omi. Mo rò ó pé ọdún mìíràn á lọ, Ìbírónkẹ́ á wà níbẹ̀ lóun nìkan, á máa rò pé a gbàgbé òun. Mo sáré. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sáré lójú àlá: ẹsẹ̀ mi ń lọ, ṣùgbọ́n èmi ò lọ.

Ibi tí mo ti ń sáré láìkúrò lójú kan ni okùn kànga kan ti gbá mi lójú. Mo wòkè. Ọ́fíìsì kan ń léfòó lókè orí mi, wọ́n fi okùn náà so ó mọ́ igi ẹlẹ́gùn-ún kan kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Ó ní fèrèsé onígíláàsì, kọ́tìnì sì ń fẹ́ jáde láti inú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ìkíni, kò sẹ́ni tó ń kọjá láìgba tirẹ̀. Ó ti ní ìwo nígbà yẹn. Mo kí i pé ẹ ṣeun, mo gun òkè lọ bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn ilé ìjọsìn.

Ta ni mo bá níbẹ̀? Tíṣà Dẹ̀hìndé tó kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀yin mọ̀ pé a ti sin wọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n lójú àlá ọ̀hún, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ohun tó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú nìyẹn. Wọ́n jókòó ti tábìlì gígùn kan, wọ́n ń fi ewé eéran pọ́n àwọn ìkíni bí a ṣe ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, wọ́n ń tò ó sí oríṣi oríṣi. Ẹ kú ọdún pọ̀ jù, ó ti dé àjà. Ẹ kú ewu ń yọ èéfín lọ́ọ́lọ́ọ́. Ẹ kú ìnáwó wú, ó sì ń jo epo sórí tábìlì.

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́, mà.”

“Mọ̀rẹ́nikẹ́, dìde. Bàtà yẹn ń há ọ lẹ́sẹ̀. Ta lo fẹ́ lọ kí?”

“Ìbírónkẹ́ ni, mà.”

“Ìbírónkẹ́ olóhùn òkè yẹn. Kí ló ṣe é?”

“A ò mọ̀, mà.”

Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí ewé. “Ṣé ọmọ rẹ̀ kú ni?”

“A ò mọ̀, mà.”

“Ṣé ó ti dé?”

“Kò tíì dé, mà.”

“Èwo ni kí n wá dì fún ọ? ‘A ò mọ̀’ kò ṣeé dì. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Ó máa ń jò jáde láti ìdí ewé.”

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi wò ó dáadáa, bóyá ọ̀kan á wà nísàlẹ̀. Wọ́n tú u wò. Wọ́n rí ẹ kú ìrọ́jú, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní ti aláìsàn ni. Wọ́n rí ọ̀kan tó ti gbẹ, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tí wọ́n fi ń kí mọ́. Ní gbogbo ìgbà yẹn, láti ojú fèrèsé, mo ń wo ibi tí odò ti ń bọ̀. Eruku pupa kan ti dìde lọ́hùn-ún, ìró kan sì ń bọ̀ nínú rẹ̀ bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń wọ́ ìjókòó nílẹ̀. Ìbẹ̀rù mú mi. Mo na ọwọ́ sí tábìlì, mo mú èyí tí ọwọ́ mi bà, mo sì bọ́ sílẹ̀ láti ojú fèrèsé.

Ìjókòó ìjọ ni mo bọ́ sí. Àárín odò náà ti di àárín ilé ìjọsìn, iyanrìn sì wà nílẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ènìyàn jókòó sọ́tùn-ún sósì, gbogbo wọn ló yíjú sí mi.

Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní, “Kí lo mú dání, ọmọ mi?”

“Ìkíni ni, mà.”

“Ṣí i ká rí i.”

Mo tú ewé náà. Ẹ kú ará fẹ́ra kù ló wà nínú rẹ̀.

Ó tutù. Ó dúdú, ó wúwo bí ọmọ ọlọ. Mo ní Olúwa mi, bí mo bá gbé èyí dé ọ̀dọ̀ Ìbírónkẹ́, mo ti fi ẹnu mi sin ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Mo yí padà kí n dá a padà. Ọ́fíìsì náà ti gbéra sókè, okùn rẹ̀ ń fì lọ́wọ́ atẹ́gùn. Tíṣà Dẹ̀hìndé yọ orí síta, wọ́n ní, “A kì í gba ìkíni padà níbí, Mọ̀rẹ́nikẹ́. O ti tú u.”

Mo jù ú nù. Ó yí gbirigbiri tẹ̀ lé mi bí ọmọ ajá. Mo fi iyanrìn bò ó, ó jáde. Mo fi í sábẹ́ ìjókòó kan, ẹni tó wà lórí ìjókòó náà gbé e padà fún mi, ó ní mo gbàgbé ẹrù mi. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́, mo fẹ́ bú sẹ́kún.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé dé. Òbúkọ ni nígbà yẹn, láti orí dé ìrù, ṣùgbọ́n kò bọ́ fìlà ìjọba.

Ó ní, “Ṣé ẹ ò jẹ ẹ́ ni, mà?”

“Mi ò lè jẹ ẹ́.”

“Ẹ gbé e wá.”

Ó jẹ ẹ́ tewé tewé. Lẹ́yìn náà, omijé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sínú irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọlọ́fọ̀ ti ń jókòó. Mo bi í pé ta ló kú. Ó ní, “Mi ò mọ̀ ọ́n, mà, ṣùgbọ́n ó dùn mí gan-an.” Inú àwọn ìjọ dùn pé wọ́n rí ẹni tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe lè kí. Wọ́n dìde, wọ́n tò, wọ́n ń bọ̀ ọ́ ní pátákò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ fún un pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Àlùfáà kan ń wá ibi tí wọ́n máa gbé òkú sí. Mo fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, mo lọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, Ìyá Súnkànmí. Ó ká mi lára púpọ̀ lójú àlá ọ̀hún, mo fẹ́ kí i kí n tó lọ.

Ilé ìjọsìn ti tán lẹ́yìn mi, odò nìkan ló kù. Ọwọ́ mi ṣófo. Ìró omi náà ti sún mọ́ tòsí. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, ohùn kan sì jáde láti abẹ́ rẹ̀.

“Ẹ rọra, mà. Orí mi lẹ tẹ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ihò kékeré kan wà nínú ẹrẹ̀ gbígbẹ, ẹja kan sì ń wò mí láti ìsàlẹ̀. Ó di ara rẹ̀ sínú ẹrẹ̀ bí ẹni tó fi aṣọ bora lásìkò ọyẹ́. Ó ní bí odò ṣe gbẹ ni òun ti wọlẹ̀, òun ń dúró de omi.

“Ẹ má bínú,” mo ní. “Mi ò rí yín.”

“Kò burú. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti tẹ̀ mí kẹ́yìn. Mo ti ń rò ó pé bóyá mi ò sí mọ́.”

Mo rí i pé ẹni tí mo lè bi nìyí. Mo ní, “Kí ni wọ́n máa ń fi kí yín, ẹ̀yin tí ẹ ń dúró báyìí?”

“Wọn kì í kí mi. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lókè. Wọ́n máa ń dé ìtòsí, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ dí mi lọ́wọ́, wọ́n á yà.”

“Ṣé ẹ níṣẹ́ lọ́wọ́ ni?”

“Nínú ẹrẹ̀ gbígbẹ? Iṣẹ́ wo ni mo fẹ́ máa ṣe, mà?”

Ojú tì mí fún àwọn tó ń yà yẹn, mi ò rántí pé mo mọ wọn. Mo ní kí ó jẹ́ kí n yọ ẹsẹ̀ mi. Ó ní kí n fi í síbẹ̀ díẹ̀ sí i. Mo fi í síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ń bọ̀. Nígbà tó ní ó tó, mo yọ ọ́, mo lọ.

Ilẹ̀kùn kan ló wà níwájú mi. Kò sí ilé lára rẹ̀, kò sí ògiri, ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù ti Ìbírónkẹ́ ló dá dúró láàárín iyanrìn. Mo lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọlé, ṣùgbọ́n èèyàn kì í wọ ilé onílé bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ọ nínú. Ẹ̀wà ló ń ṣà, mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń ju òkúta sínú abọ́, ọ̀kan, ó pẹ́, òmíràn.

Omi náà sì dé. Ó ga bí ilé, ó pupa, ó gbé àwọn ìjókòó ìjọ, ó gbé òbúkọ tó ń sunkún lókè tente pẹ̀lú àwọn tó ń tù ú nínú. Ó dúró lẹ́yìn mi bí ẹni tó tò síbi ẹ̀rọ omi.

Ó ní, “Ṣé ẹ ń wọlé ni, àbí ẹ ò wọlé?”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí i.”

“Ẹ kí i nígbà náà. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni mo ní í bá pàdé.”

Mo kan ilẹ̀kùn. Mo la ẹnu. “Ẹ kú,” mo ní, mi ò sì rí ibi tí mo lè gbé e lọ. Mo tún ní, “Ẹ kú.” Omi náà mí sí mi lọ́rùn. Mo kan ilẹ̀kùn ṣáá, mo ń pariwo ẹ kú, ẹ kú, ẹ kú, bí ẹni tí kò gbọ́ èdè wa rí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìró ẹ̀wà dáwọ́ dúró nínú.

“Ta nìyẹn?” Ìbírónkẹ́ ní.

“Èmi ni. Mọ̀rẹ́nikẹ́ ni.”

Mo gbọ́ tó fa àga sẹ́yìn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀, mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Ibẹ̀ ni mo ti jí.

Ilẹ̀ ti ń mọ́. Bàbá Mákànjúọlá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú pákò lẹ́nu, wọ́n ń wò mí. Ọwọ́ mi wà lára ògiri, eegun ìka mi ń ta mí.

Wọ́n ní, “O ti ń kí ògiri láti àárọ̀. Ẹ kú, ẹ kú. Mo ní kí n má tíì fọ ẹnu tán kí n lè gbọ́ ìyókù.”

Kí n tó dá wọn lóhùn, ẹnì kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Ìyàwó Láńre ni, ayálégbé tó wà ní yàrá kejì sí tiwa, tó máa ń gbálẹ̀ ní ìdájí.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni,” mo ní.

“Ṣé kò sí wàhálà, mà? Ṣé ẹ fẹ́ nǹkan ni?”

“Mi ò fẹ́ nǹkan kan. Mo kàn ń kan ògiri ni.”

“Ó dáa, mà,” ó ní, bí ẹni pé ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń ṣe nìyẹn. Mo gbọ́ tí ìgbálẹ̀ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Ó gbá a lọ, ó gbá a bọ̀. Nígbà tó dé ìdí ògiri, ó fi ọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀, jẹ́jẹ́, ó sì ń bá ilẹ̀ gbígbá rẹ̀ lọ.

Mi ò rántí àdúrà tí mo gbà lẹ́yìn ìyẹn. Mo mọ̀ pé mo kúnlẹ̀. Mo dìde, mo wẹ̀, mo wá bá yín níbí.

Ẹ ní kí la máa sọ tí a bá débẹ̀, Ìyá Jọláadé? Èmi ò mọ̀. Ẹ ṣáà ti dìde ná. Ìyá Súnkànmí ti wà lẹ́nu ọ̀nà.